Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ ohun tó wà láàrin búrẹ́dì méjèèjì kí ẹ tó sanwó

Bí aago kan ọ̀sán bá ti lù, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọlọ́jà wa, ì báà jẹ́ ní Ládìípọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ì báà jẹ́ ní Bálógun l'Ékòó, tàbí ní Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn. Wọn yóò pe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn, wọn yóò na owó sí i, wọn yóò ní, "Sáré lọ bá mi ra nǹkan jíjẹ wá, má pẹ́ o, oníbàárà ń bọ̀." Ọmọ yóò sáré lọ, yóò sì sáré dé. Nínú ọ̀rá tó gbé bọ̀, ẹ ó bá búrẹ́dì tí wọ́n há adìyẹ díndín sí láàrin, ọ̀dùnkún díndín nínú páálí, àti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù kan. Ọ̀gá yóò máa fi ọwọ́ kan jẹun, yóò máa fi ọwọ́ kejì ṣí ìwé ọjà. Kó tó di pé oníbàárà dé, oúnjẹ ti tán.

Kò sí ẹni tó máa bá a wí, nítorí pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ bi yín lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ra ọjà láìbéèrè iye tí wọ́n ń tà á, bó ṣe wọ̀n tó àti èrè tó wà lórí rẹ̀, ṣé ẹ ti bèèrè rí pé agbára mélòó ló wà nínú oúnjẹ ọ̀sán tí ẹ ń fi owó yín rà?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti àwọn olówó tó ń wá bí ìbàdí wọn yóò ṣe tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ ajé ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ara rẹ̀ kò yá lè gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kí owó oṣù rẹ̀ sì máa wọlé bó ṣe wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n oníṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá gbé ṣánlẹ̀, ọjọ́ náà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tì. Gbèsè yóò máa jókòó, owó ilé yóò máa pé, àwọn oníbàárà yóò sì yà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ara yín ni ẹ̀rọ tó tóbi jù nínú iléeṣẹ́ yín, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà rẹ̀, títí kan Ládìípọ̀.

Kí ló ń jẹ́ kálórì?

Bí a ṣe ń fi lítà wọn epo bẹntiróòlù, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ ń fi kálórì wọn agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Ẹ fi jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù yín wò ó. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ rẹpẹtẹ sí i, yóò mu epo púpọ̀. Bó bá jẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo lẹ tàn, epo yóò pẹ́ nínú rẹ̀. Bí ara ṣe rí náà nìyẹn. Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà. Tánkì jẹnẹrétọ̀ a máa kún, bí ẹ bá sì ń rọ epo sí i lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ ni yóò ṣàn sí. Ara èèyàn kì í sọ pé òun ti kún. Èyí tí kò bá lò lónìí, ńṣe ni yóò sọ ọ́ di ọ̀rá, tí yóò kó o sí ikùn, sí itan àti sí ẹ̀yìn ọrùn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí àwọn elétò ìlera sọ ni pé obìnrin tó ti dàgbà nílò nǹkan bíi kálórì 2,000 lóòjọ́, ọkùnrin sì nílò nǹkan bíi 2,500. Iye 2,000 yìí náà ni wọ́n ń lò lára páálí oúnjẹ ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe òfin tó kan gbogbo ara bákan náà o. Aláàárù tó ń gbé ẹrù láti àárọ̀ dalẹ́ àti bíríkìlà tó ń po sìmẹ́ńtì yóò lò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn káńtà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méje alẹ́ kò lè lo iye tí aláàárù lò. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wò wọ́n lọ́sàn-án, oúnjẹ ẹni tó jókòó ló máa ń wúwo jù, nítorí pé òun ló lówó lọ́wọ́.

Ibi tí kálórì ti ń wá kò ju mẹ́ta lọ fún ẹni tí kì í mu ọtí líle. Gíráàmù kan súgà tàbí ìyẹ̀fun ní kálórì mẹ́rin. Gíráàmù kan èròjà amúaradàgbà, irú èyí tó wà nínú ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà, ní kálórì mẹ́rin. Ṣùgbọ́n gíráàmù kan ọ̀rá tàbí òróró ní kálórì mẹ́sàn-án, èyí tó ju ìlọ́po méjì àwọn yòókù lọ. Ẹni tó bá ti di èyí mú ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ tá à ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí ìwé ọjà

Ẹ jẹ́ ká mú oúnjẹ ọ̀gá tá a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ká kọ ọ́ sílẹ̀ ní oókan-oókan. Àwọn iye wọ̀nyí kì í ṣe ti ilé oúnjẹ kan pàtó, nǹkan bí-ín-bí-ìn ni, torí pé bí ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é bá ṣe rí ni yóò ṣe pọ̀ tàbí dín kù.

Ègé búrẹ́dì méjì tó nípọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó 40 gíráàmù, jẹ́ kálórì 210. Adìyẹ díndín tòun ti awọ, 100 gíráàmù, jẹ́ 260. Mayonéèsì ṣíbí ìjẹun méjì jẹ́ nǹkan bíi 190. Ègé ṣíìsì kan jẹ́ 80. Ọ̀dùnkún díndín nínú páálí, 100 gíráàmù, lé díẹ̀ ní 300. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò 50cl, tó bá jẹ́ pé gíráàmù mẹ́wàá súgà ló wà nínú 10cl rẹ̀, jẹ́ 200. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní kálórì 1,240. Ìyẹn ni pé ọ̀gá ti jẹ ju ìdajì oúnjẹ òòjọ́ lọ láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iyán tàbí ẹ̀bà alẹ́ sì ń bọ̀ lọ́nà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká tún un rà. Búrẹ́dì kan náà, 210. Adìyẹ tí wọ́n yan lórí iná, tí wọ́n ti bó awọ rẹ̀, 100 gíráàmù, jẹ́ nǹkan bíi 165. Mayonéèsì ìdajì ṣíbí, 45 sí 50. Tòmáàtì, kùkúḿbà àti kábéèjì tútù kò tó 20. Omi inú ọ̀rá tàbí inú ìgò, òdo. Àpapọ̀ rẹ̀ kò ju 445 lọ. Búrẹ́dì wà níbẹ̀, adìyẹ wà níbẹ̀, àyè tó ṣì wà nínú ikùn náà kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800. Bí ọ̀gá bá ń ra ti àkọ́kọ́ lọ́jọ́ márùn-ún tí ọjà fi ń yá, iye tó ń jẹ lé lórí ti èkejì yóò tó 4,000 lọ́sẹ̀ kan. Oúnjẹ ọjọ́ méjì gbáko nìyẹn, tí ara kò bèèrè fún. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Bí ẹnì kan bá ń sọ pé òun yóò fi ẹsẹ̀ rìn ín dànù, kó rántí pé ìrìn kánmọ́kánmọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kì í lò ju nǹkan bíi 150 lọ lára ẹni tó wọn 70 kílò. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan péré yóò gbà tó ogójì ìṣẹ́jú. Ìrìn dára púpọ̀ fún ọkàn, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti fi ìgò náà sílẹ̀ ju kéèyàn rìn ín dànù lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń rú mọ́ èèyàn lójú

Ohun àkọ́kọ́ tó ń tan èèyàn jẹ ni orúkọ. Wọ́n á ní ẹja ló wà nínú rẹ̀, a ó sì rò pé ẹja kì í sanra. Òótọ́ ni pé ẹja dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi mayonéèsì ṣíbí mẹ́ta po ẹja inú agolo kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sáàrin búrẹ́dì, mayonéèsì lẹ ń jẹ, ẹja kàn ń bá a ṣeré ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni sáláàdì tí wọ́n ti fi kírímù rẹ́ mọ́lẹ̀. Kábéèjì kọ́ ló ṣẹ̀, ohun tí wọ́n dà lé e lórí ni.

Ìkejì ni ẹyin. Ẹyin sísè kan kò ju kálórì 75 lọ, ó sì ń mú kéèyàn yó. Ṣùgbọ́n ṣíbí ìjẹun kan òróró jẹ́ 120. Bí ẹni tó ń dín in bá da òróró bíi pé àkàrà ló fẹ́ dín, ẹyin yóò fa èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ mu. Ẹyin sísè tí wọ́n gé sáàrin búrẹ́dì, tàbí èyí tí wọ́n fi òróró tí-ín-tìn-tín dín, sàn jù.

Ìkẹta ni ṣáwámà, tó ti di ìyàwó ojú títì gbogbo ìgboro wa lálaalẹ́. Ẹran àti kábéèjì inú rẹ̀ kò burú. Sọ́séèjì inú rẹ̀ ni kí ẹ wò, torí pé ẹyọ kan máa ń tó kálórì 150. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fi méjì sí i ti fi 300 kún un. Kírímù tí wọ́n ń tú sí i láti inú ìgò, tí kò ní òṣùwọ̀n, tún wà lọ́tọ̀.

Ìkẹrin ni búrẹ́dì aláwọ̀ ilẹ̀, èyí tí wọ́n fi àlìkámà odindi ṣe. Ó dára ju funfun lọ nítorí pé ó máa ń pẹ́ nínú, ó sì ń jẹ́ kí ìgbẹ́ lọ déédéé. Ṣùgbọ́n kálórì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba. Ẹni tó jẹ ègé mẹ́rin nítorí pé ó ní àwọ̀ ilẹ̀ ti tan ara rẹ̀ ni.

Ìkarùn-ún ni omi èso inú páálí. Súgà tó wà nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ jẹ ọsàn fúnra rẹ̀, kí ẹ fi omi lé e.

Bí ìlú òyìnbó ṣe sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ òwò

Ìlú tí búrẹ́dì alágbèékà yìí ti gbilẹ̀ jù ni Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti rí i pé kálórì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn nìkan. Ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké yóò fẹ́ràn ìtàn Subway. Ọmọ ọdún 17 ni Fred DeLuca nígbà tó yá ẹgbẹ̀rún dọ́là kan lọ́wọ́ Peter Buck, ọ̀rẹ́ ìdílé wọn, tí wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sáńwíìṣì sí Bridgeport ní ìpínlẹ̀ Connecticut lọ́dún 1965. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń parí lọ, ohun tí iléeṣẹ́ náà fi ń polówó ni àtẹ àwọn sáńwíìṣì rẹ̀ tí ọ̀rá inú wọn kò ju gíráàmù mẹ́fà lọ. Wọn kò dẹ́kun títa àwọn tó wúwo, wọ́n kàn jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ fúyẹ́ mọ ibi tó wà ni. Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà nínú bí wọ́n ṣe ń gé búrẹ́dì wọn: ínṣì mẹ́fà wà, ínṣì méjìlá wà. Ẹni tó ra méjìlá ra ìlọ́po méjì gbogbo nǹkan, títí kan ọ̀rá. Kò sí ọgbọ́n tó rọrùn ju pé kéèyàn ra kékeré lọ.

Lọ́dún 2008, ìlú New York bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan mú àwọn ilé oúnjẹ tó ní ẹ̀ka 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pé kí wọ́n kọ iye kálórì sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó lórí pátákó. Àwọn onílé oúnjẹ pariwo, wọ́n tilẹ̀ gba ilé ẹjọ́ lọ, ṣùgbọ́n òfin náà dúró. McDonald's gbé e sára pátákó rẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà lọ́dún 2012. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2010, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù karùn-ún ọdún 2018 fún ilé oúnjẹ tó bá ní ẹ̀ka 20 sókè. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà tẹ̀ lé e lóṣù kẹrin ọdún 2022, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nìkan ni wọ́n fi mú. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n yọ àwọn olùtà kéékèèké sílẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ìnira ni.

Nílé níbí, láti ìgbà tí UAC ti ṣí Mr Bigg's lọ́dún 1986, tí Tantalizers àti Tastee Fried Chicken dé lọ́dún 1997, tí KFC náà wọlé lọ́dún 2009, oúnjẹ tí wọ́n ń yára gbé síni lọ́wọ́ ti di ara ìgbésí ayé wa. Níbi tí kò bá ti sí pátákó tó ń sọ iye kálórì, àfi kéèyàn fi ojú àti ẹnu ara rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n.

Bí ẹ ó ṣe ránṣẹ́

Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń lọ ra oúnjẹ yín. Ọmọ iṣẹ́ ló ń lọ, ohun tí ẹ kò bá sì sọ fún un, olùtà ni yóò pinnu rẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú bébà bí ẹ ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ ọjà, tàbí kí ẹ pe olùtà lórí fóònù.

Ẹ kọ ọ́ pé yíyan ni ẹ fẹ́, kì í ṣe díndín. Ẹ kọ ọ́ pé kí wọ́n di mayonéèsì sọ́tọ̀, kí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín pa á. Ẹ ní kí wọ́n yọ ṣíìsì tàbí sọ́séèjì kejì, kí wọ́n fi tòmáàtì àti kùkúḿbà dí àyè rẹ̀. Ẹ mú ìwọ̀n kékeré. Ẹ má ṣe gba ọ̀dùnkún díndín nítorí pé wọ́n ní ó dín owó kù bí ẹ bá rà á pọ̀ mọ́ ọn. Ohun tí ẹ kò nílò kò lè jẹ́ ẹ̀dínwó. Ẹ mu omi. Bí ẹlẹ́rìndòdò bá ti di bárakú, ẹ fi í sí ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ jẹ èyí tó wúwo lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí alẹ́ fúyẹ́, kó jẹ́ ẹ̀fọ́ àti ẹja. Ìwé owó tó bá ná púpọ̀ níbì kan gbọ́dọ̀ dín in kù níbòmíràn.

Ẹ má sì tìtorí èyí fi ebi pa ara yín o. Ẹni tí kò jẹun lọ́sàn-án máa ń jẹ àjẹkì lóru. Ẹni tó ní ìtọ̀ súgà, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, aláboyún àti ìyálọ́mọ gbọ́dọ̀ gba ìmọ̀ràn dókítà kí wọ́n tó yí oúnjẹ wọn padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á ńkọ́?

Bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ ni káńtà ṣáwámà tàbí búrẹ́dì ẹlẹ́yin, tí ẹ ń rò pé a fẹ́ ba ọjà yín jẹ́. Rárá o. Ẹ gbọ́ ìṣirò yìí. Jáà mayonéèsì tó gba 900 mililítà ní ṣíbí ìjẹun 60 nínú, bí ṣíbí kan bá jẹ́ mililítà 15. Bí ẹ bá ń da nǹkan bíi ṣíbí mẹ́ta sí sáńwíìṣì kọ̀ọ̀kan láìwọ̀n ọ́n, jáà kan yóò tán lórí 20. Bí ẹ bá ń fi ṣíbí kan wọ̀n ọ́n, jáà kan náà yóò ṣe 60. Oníbàárà yín ti yọ nínú kálórì bíi 190, ẹ̀yin náà ti yọ nínú owó jáà méjì. Ẹni tó bá fẹ́ sí i yóò bèèrè, ẹ sì lè díye lé àfikún rẹ̀.

Òróró náà ńkọ́? Ẹ lo páànù tí kì í gbá, kí ẹ máa fi ṣíbí bu òróró dípò kí ẹ máa dà á láti inú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ gbé irú kan kalẹ̀ tó fúyẹ́, kí ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára pátákó: adìyẹ yíyan, ẹ̀fọ́ púpọ̀, mayonéèsì ṣíbí kékeré kan. Ẹ má ṣe kọ iye kálórì tí ẹ kò wọ̀n. Ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òótọ́ lórí pátákó a máa lé oníbàárà, ìgbà kan péré ni wọ́n sì máa ń gba irọ́ olùtà gbọ́. Ẹ má ṣe fi kún owó rẹ̀ láìnídìí bíi pé ìlera jẹ́ ohun fàájì. Àwọn tí dókítà ti kìlọ̀ fún pọ̀ nínú ọjà, wọ́n ń kọjá níwájú káńtà yín lójoojúmọ́ nítorí pé wọn kò rí ohun tí àwọn lè jẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rántí wọn ni wọn yóò máa bá rajà.

Ọ̀sán ọ̀la ń bọ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yóò sì tún dúró síwájú yín pẹ̀lú ọwọ́ tó nà sílẹ̀ fún owó. Kí ẹ tó fún un, ẹ fi bébà kékeré kan lé owó náà lórí. Ìlà mẹ́ta péré ti tó: yíyan, mayonéèsì lọ́tọ̀, omi. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, nínú òwò àti nínú ìjẹun. Ìlera ni ọrọ̀, ẹni tí ara rẹ̀ le ló sì lè dúró ti ọjà rẹ̀ kó rí èrè rẹ̀ jẹ.